Àáró Tí Mo Jẹ Àdìgún

Calgary, Kánádà
6 Oṣù Kẹta, 2023

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ààwẹ̀. Ọlásúnkànmí ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín. Treasure ọmọ wa ní kí n kí bàbá àgbà òun dáadáa.

Mo pe fóònù yín títí, ẹ ò gbé e. Tísà Oyèlékè, aládùúgbò yín, ní etí yín kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù mọ́. Ó ní ẹ ní kí n máa kọ lẹ́tà bíi ti ayé àtijọ́, pé òun á máa tẹ tèmi jáde fún yín, òun á sì máa ya tiyín ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti etí yìí díbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ mi kò bá wù yín o. Mo mọ̀ yín.

Bàbá, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo bá wá. Láti ìgbà tí a wálé Iléyá tó kọjá, tí mo rí yín tí ẹ ń ti oko bọ̀, tí ẹ fọwọ́ mú ẹ̀yìn, tí ẹ ò lè nàró, ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Mo sunkún nínú bàálù débi pé ọkùnrin tó jókòó tì mí ń bi mí bóyá èèyàn mi kan ló kú. Èmi tí mo ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó, tí mo ń fọ ẹsẹ̀ wọn, tí mo ń fún wọn lóúnjẹ, bàbá tèmi ń kọ ebè nínú oòrùn Òtu! Ọlọ́run ti bùkún àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó tí èmi àti ọkọ mi dá sílẹ̀ níbí, ó bù ú ju bí a ṣe rò lọ. A jókòó, a ní owó yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ tiwa nìkan. A ti dá fáúndéṣàn sílẹ̀, orúkọ yín la sì fi sọ ọ́: Fáúndéṣàn Ládòkun.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí katakata máa tú ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo àgbà àgbẹ̀ tó wà ní Òtu àti agbègbè rẹ̀. Bó bá tú u tán, àwọn alágbàṣe tí a ń sanwó fún á wá bá wọn kọ ebè. Adégbénró, òṣìṣẹ́ wa tó ń gbé Ìsẹ́yìn, ni yóò máa bójú tó o. Ẹ̀yin ni alága. Oko yín tó wà lọ́nà Ìpàpó ni a fẹ́ gbà fi ṣe oko àwòkọ́ṣe, kí àwọn èèyàn lè máa wá wo bí a ṣe ń ṣe é.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín: ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́.

Èmi ọmọ yín,
Sodiqat


Òtu
30 Oṣù Kẹrin, 2023

Sodiqat Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Tẹ́ṣọ̀ ńkọ́? Má bínú, ẹnu mi kò gbé orúkọ náà. Ẹ ò ṣe wá orúkọ tí bàbá àgbà rẹ̀ lè pè? Àbí ẹ fẹ́ kí n padà sí ilé ìwé nítorí orúkọ ọmọ?

Ọjọ́ tí katakata yẹn wọ Òtu, ilé ò gbèèyàn, ọ̀nà ò gbèèyàn. Wọ́n gbé mi sórí àga kan tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀. Àwọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ mí rí ń ní àwọn mọ̀ mí láti kékeré. Adégbénró rẹ sọ̀rọ̀ títí, ìdajì rẹ̀ ni mo gbọ́, mo kàn ń mi orí ni. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ì bá ṣe pé ìyá rẹ wà láyé, ì bá jó dé Ṣakí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ àti ti ọkọ rẹ gbẹ láé. Mo ti fi oko sílẹ̀ fún Adégbénró. Ó ti ri pátákó ńlá mọ́ ojú ọ̀nà níbẹ̀, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. O mọ̀ pé àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe àáró láti ìgbà tí irùngbọ̀n wa ti dúdú: èmi, Àdìgún, Bàbá Samsudeen àti Dáníẹ́lì. Lónìí a ṣe oko tèmi, lọ́la a ṣe oko tìrẹ, kò sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹnì kejì, ẹni tó bá loko náà ni yóò gbé oúnjẹ wá. Ní òpin òjò tó kọjá, Àdìgún wá bá mi kọ ebè. Ó ku kí n lọ bá òun náà kọ tirẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀yìn yìí dá mi wólẹ̀, mo ní kó jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún náà ló dé yìí.

Mo wá pè é, mo ní, "Àdìgún, oko rẹ ni katakata ọmọ mi yóò kọ́kọ́ wọ̀." Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ládòkun, ṣé katakata ni mo bá kọ ebè ni? Ìwọ ni mo bá kọ ọ́. Ìwọ ni kó o wá."

O ò rí orí kunkun ọkùnrin yẹn! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti kékeré. Gbogbo yòókù gbà, òun nìkan ni kò gbà. Kí lo wí sí i? Ṣé kí n lọ àbí kí n má lọ? Ọjọ́ péréte ni. N óò fa fìlà bojú, ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Ládòkun


Calgary
12 Oṣù Karùn-ún, 2023

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ o, Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn. Mo rẹ́rìn-ín ti orúkọ Treasure títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ máa pè é ní Tẹ́ṣọ̀, ó ti ń jẹ́ ẹ báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má lọ sí oko Bàbá Àdìgún. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. A ti sọ fún gbogbo ayé pé ìyà iṣẹ́ oko kò ní í jẹ àgbà mọ́, kí wọ́n wá bá ẹ̀yin alága nínú oko olóko, tẹ̀yin ti ọkọ́? Kí la fẹ́ sọ? Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi níbí ti ń dá sí i, wọ́n sì ń wo gbogbo fọ́tò tí Adégbénró bá fi ránṣẹ́. Ẹnì kan á kàn yà yín, yóò gbé e sórí Fesibúùkù, ó parí. Fìlà wo lẹ fẹ́ fà bojú? Gbogbo Òtu ló mọ ìrìn yín.

Mo ti rí ọgbọ́n dá sí i. Mo ti ní kí Adégbénró kó àwọn alágbàṣe lọ sí oko Bàbá Àdìgún, kí wọ́n kọ ebè tó yẹ kí ẹ kọ níbẹ̀. Wọ́n á sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ rán àwọn. Iṣẹ́ á ṣe, ara yín á sinmi, ẹ ò sì ní í jẹ ẹ́ ní àáró mọ́. Ṣebí ebè ló fẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo oògùn yín.

Sodiqat


Òtu
7 Oṣù Keje, 2023

Sodiqat,

Ẹ kú ọdún Iléyá. Màlúù tí ẹ ní kí Adégbénró rà dé, mo pín in kárí àdúgbò. Àdúrà tí wọ́n ń rọ̀jò rẹ̀ fún ọ, o ò lè gbé e tán.

Àwọn alágbàṣe rẹ lọ sí oko Àdìgún. Ó jókòó sábẹ́ igi, kò bá wọn jà, kò yìn wọ́n, kò bú wọn. Wọ́n ṣe é tán, ebè náà dára, èmi fúnra mi lọ wò ó. Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe? Bí wọ́n ṣe lọ tán, ó mú ọkọ́, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Gbogbo rẹ̀ o! Arúgbó bíi tèmi! Ó tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ bí ẹni pé ẹnì kan ò débẹ̀ rí. Ó kọ ebè sí ibi yòókù nínú oko, ó wá fi apá ibẹ̀ yẹn sílẹ̀ gbalasa, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí i. Kí ló fi ṣe bí kò ṣe láti fi mí ṣe ẹ̀sín?

Ara mi gbóná. Ojú tì mí. Nígbà tó di Jímọ̀ọ̀, bí a ṣe kírun tán, mo dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo ní, "Àdìgún, ìlara ló ń pa ọ́. Ọmọ tèmi ń tú ilẹ̀ fún gbogbo ìlú. Misturat tìrẹ tó wà ní Ìsẹ́yìn, kí ló gbé wálé fún ọ rí?" O mọ̀ pé Misturat nìkan lọmọ tí Ọlọ́run dá sí fún un.

Mo ń retí kó bú mi padà. Láti ìgbà tí mo ti mọ Àdìgún, kò sí ọjọ́ tí kò bú mi. Orí mi tó tóbi, ìrìn mi, ìyàwó tí mo pẹ́ kí n tó fẹ́, kò sí èyí tí kì í bú. Lọ́jọ́ náà kò bú mi. Ó kàn ní, "Ó dáa, Ládòkun." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Mo kọ́kọ́ ń rò pé mo ti borí rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn díẹ̀díẹ̀. Kí lo rí sí i? Ṣé kí n lọ bá a nílé? Tètè fèsì o, ìwọ ni mò ń dúró dè.

Awò ojú mi ti fọ́ lápá kan. Bá mi wá òmíràn.

Ládòkun


Calgary
22 Oṣù Kẹwàá, 2023

Bàbá mi,

Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé mo ti pẹ́ jù. Iṣẹ́ kò jẹ́ n mí. A ṣe àpèjẹ ńlá kan láti fi kó owó jọ fún fáúndéṣàn. A gbé fọ́tò yín kọ́ sára ògiri, ó tóbi gàgàrà, ẹ wà lórí àga gíga yẹn nínú agbádá yín. Àwọn òyìnbó ń bi mí pé ta ni bàbá tó níyì yìí. Mo ní bàbá mi ni. Orí mi wú.

Owó tí wọ́n dá pọ̀ gan-an, ọdún tó ń bọ̀ la ó mú katakata kejì dé Ìpàpó.

Ti Bàbá Àdìgún, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe oore tó tí ẹnì kan ò ní í bínú. Bí inú wọn bá rọ̀, wọ́n á wá fúnra wọn. Awò ń bọ̀ lọ́nà, Adégbénró á gbé e wá.

Kí ló dé tí Adégbénró ní ẹ kọ̀ láti jókòó ya fọ́tò lóṣù tó kọjá? Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò náà ló ń mú owó wá.

Sodiqat


Òtu
14 Oṣù Kìn-ín-ní, 2024

Sodiqat ọmọ mi,

A kú ọyẹ́. Ètè gbogbo wa ti bó. Awò dé, mo sì ń ríran dáadáa, àmọ́ ohun tí mò ń rí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwọn ará àáró mi kì í pè mí mọ́. Wọ́n ń gba katakata rẹ o, Bàbá Samsudeen àti Dáníẹ́lì kì í ṣe aláìmoore. Ṣùgbọ́n bí katakata bá ti lọ tán, wọ́n á ṣì wá nǹkan kan tí wọ́n á jọ ṣe, àwọn àti Àdìgún. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń kọjá níwájú ilé mi, ọkọ́ wà léjìká wọn, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe rí mi báyìí, ẹ̀rín tán. Àdìgún ń lọ ní tirẹ̀. Bàbá Samsudeen tẹ̀ ba, ó ní, "Alága, ẹ káàárọ̀ o." Ẹ káàárọ̀! Bàbá Samsudeen tí a jọ jí ẹ̀pà olóko jẹ! Mo ní, "Ibo lẹ ń lọ?" Ó ní, "A ò lọ síbì kankan, sà."

Sodiqat, kò sẹ́ni tó ń já mi ní koro mọ́. Bí mo bá purọ́ pàápàá, wọ́n á ní òótọ́ ni. Ẹni tó bá wá kí mi, kó tó dìde ni yóò ní kí n bá òun sọ fún Sodiqat. Mo yọjú sí oko mi lọ́nà Ìpàpó, Adégbénró ní kí n jókòó síbi ibòji, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Oko tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣán! Èmi ni mo bí ọ, àmọ́ láti ìgbà tí o ti ń bọ́ ìlú, ó dà bíi pé ìwọ lo di ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ń gbàṣẹ kí n tó jáde.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Àdìgún níwájú mọ́ṣáláṣí kò dára. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ ò dá mi lóhùn nígbà tí mo bi ọ́, mo sì fi ìyẹn ṣe àwáwí, mo jókòó sílé. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, n óò gbé ọkọ́ mi lọ sí oko rẹ̀, n óò ṣe iṣẹ́ mi. Má rán alágbàṣe. Má rán ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ fún ọ ni.

Ládòkun


Calgary
3 Oṣù Kẹta, 2024

Bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín fún ọkọ mi. Ẹ forí jì mí pé mi ò dá yín lóhùn lọ́dún tó kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Dókítà tó rí yín ní Ìsẹ́yìn ní ẹ̀jẹ̀ yín ń ru gan-an. Bí ẹ bá ṣubú sínú oko, ta ló fẹ́ gbé yín? Ẹ dúró dè mí. Èmi àti Ọlásúnkànmí àti Treasure ń bọ̀ wálé Iléyá. A ó jọ lọ sílé Bàbá Àdìgún, a ó bẹ̀ wọ́n bó ṣe yẹ. Níwájú ìlú lẹ ti bú wọn, níwájú ìlú la ó ti yẹ́ wọn sí. A ó fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ àgbà àgbẹ̀. Adégbénró á gba kánópì àti àga, a ó pe àwọn tó ń ya fídíò. Inú wọn á dùn, ẹ ó rí i.

Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní í dá lọ. Mo ti sọ fún Tísà Oyèlékè pé kó gba ìlérí náà lẹ́nu yín kó sì fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi.

Sodiqat


Òtu
9 Oṣù Karùn-ún, 2024

Sodiqat,

Àdìgún ti kú.

Òjò tètè dé lọ́dún yìí. Mo gbọ́ ọ lórí páànù, mo dìde, mo mú ọkọ́, mo tún gbé e sílẹ̀, nítorí mo ti ṣèlérí fún ọ. Mo ní Iléyá ò jìnnà mọ́. Òun lọ sí oko ní tirẹ̀, òjò pa á, ó wálé, ó ní òtútù ń mú òun. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n tún gbé e wálé. Mo ń gbọ́ pé ara rẹ̀ ò yá. Ojoojúmọ́ ni mo ń ní n óò lọ kí i. Àmọ́ báwo ni n óò ṣe wọlé? Wọ́n á ní Alága wá ya fọ́tò. Mo ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀la.

Ní tiwa níbí, ẹni tí a bá jọ ṣe àáró, àwa la máa ń gbẹ́ sàréè rẹ̀. Òun ni àáró ìkẹyìn, èyí tí a kì í retí kí ẹnì kan wá san padà. Wọn ò pè mí. Ẹnu gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ni mo ti gbọ́ ikú Àdìgún, bíi pé àlejò ni mí ní Òtu. Mo sáré mú ọkọ́. Nígbà tí mo fi débẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán. Bàbá Samsudeen àti Dáníẹ́lì dúró síbẹ̀, erùpẹ̀ bò wọ́n látòkè délẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?" Dáníẹ́lì wolẹ̀. Bàbá Samsudeen ní, "Alága, a ò fẹ́ kí aṣọ yín dọ̀tí ni, sà."

Kò fi mí ṣẹlẹ́yà, Sodiqat. Ì bá ṣe pé ó fi mí ṣẹlẹ́yà ni, ì bá sàn fún mi. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Wọ́n ya àyè sílẹ̀ fún mi níwájú láti kírun sí i lára. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ Àdìgún sí afẹ́fẹ́ rere.

Mi ò di ẹ̀bi rù ọ́. Ilé Àdìgún ò jìnnà sílé mi, mo sì lẹ́sẹ̀. Ní gbogbo ọdún tó kọjá, kò sí àárọ̀ tí mi ò lè dìde kí n lọ. Ìwọ kọ́ lo so mí mọ́lẹ̀. Ó wù mí kí wọ́n máa pè mí ní Alága ni, ìyẹn ló fà á.

Ládòkun


Calgary
11 Oṣù Karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú àmúmọ́ra. Inú mọ́tò ni mo ti ka lẹ́tà yín, níwájú ibi iṣẹ́, mi ò sì lè sọ̀kalẹ̀.

Mo ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà mìíràn sí yín. Mo ní a ó kọ́ gbọ̀ngàn kan sí Òtu, a ó fi orúkọ Bàbá Àdìgún pè é. Ọlásúnkànmí kà á, ó ní, "Sodiqat, ta la fẹ́ kọ́ ọ fún? Ṣé fún bàbá náà ni àbí fún àwa?" Mo pa á rẹ́.

Ẹ ní ẹ ò di ẹ̀bi rù mí. Bàbá, ẹ̀bi mi ni. Mo ní kí ẹ dúró dè mí nítorí mo fẹ́ kí ó ṣojú mi, mo fẹ́ kí wọ́n rí mi níbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ẹ bá ń ti àáró bọ̀, Bàbá Àdìgún ló máa ń gbé mi sí èjìká, wọ́n á máa ní orí mi ò tóbi tó ti bàbá mi, kí n máa dúpẹ́. Mo gbàgbé gbogbo ìyẹn. Mo rí ẹ̀yìn tó ń dùn yín, mi ò rí àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, mo sì gbà wọ́n mọ́ ọn.

Kí ni kí n ṣe? Ẹ sọ fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní í bá yín jiyàn.

Ọmọ yín tó ń sunkún,
Sodiqat


Òtu
30 Oṣù Karùn-ún, 2024

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Nu ojú rẹ nù. Ó tó. Bí o bá ń sunkún báyìí, ta ni yóò máa bójú tó Tẹ́ṣọ̀?

O bi mí ohun tí o máa ṣe. Má dá katakata dúró. Àwọn opó wà, àwọn aláìsàn wà, àwọn tí kò lẹ́nì kan wà, ó ń ṣe wọ́n lóore gan-an. Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí Adégbénró fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára rẹ̀, kí o sì dá oko mi padà fún mi. Bí mi ò bá ní oko, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ wá bá mi ṣe? Mo ti sọ fún Bàbá Samsudeen pé bí ó bá tún pè mí ní Alága, n óò la ọkọ́ mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò tíì dà bíi tàtijọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá yóò tún dà bíi tàtijọ́.

Mo ti lọ sí oko Àdìgún. Má pariwo, mo lo oògùn mi kí n tó jáde. Apá ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́dún tó kọjá ṣì wà bẹ́ẹ̀, koríko ti bò ó. Mo ro koríko náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Díẹ̀díẹ̀ ni, mo ń ṣe é, mo ń sinmi, mo ń lọ sílé, mo tún ń padà. Mo ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àdìgún, mo ti dé. Ó yá, bú mi." Kò sẹ́ni tó bú mi.

Misturat ló gbé oúnjẹ wá bá mi, iṣu sísun àti epo. Ìyá rẹ̀ Àdìjátù wà nínú opó, kò lè jáde. Bí mo ṣe rí i, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo tó bàbá rẹ̀. Ó dì mí mú. Mo ní kó forí jì mí nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fi í sọ sí bàbá rẹ̀. Ó ní ó ti tán. Mo wá ní kó forí jì mí nítorí pé mo pẹ́ kí n tó wá.

Ó wo ilẹ̀ níwájú wa, ó ní, "Àwọn bàbá Samsudeen fẹ́ bá bàbá mi kọ ebè sí ibí yìí ní òpin òjò tó kọjá. Bàbá mi lé wọn. Wọ́n ní Ládòkun ló ni ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé ẹ ń bọ̀. Nígbà tí àìsàn dá wọn dúbúlẹ̀, wọ́n tún sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní bí àwọn bá kú kí ẹ tó dé, kí n gbé oúnjẹ wá."

Sodiqat, gbogbo ìgbà tí mo ń sọ pé ó fi ilẹ̀ náà bú mi, àyè mi ló fi sílẹ̀ dè mí.

Misturat jókòó, òun náà bu iṣu, a jọ jẹ ẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é, ẹni tó loko máa ń bá àwọn ará àáró rẹ̀ jẹun. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó wá ku ebè kan ṣoṣo, ọwọ́ mi dúró. Ó sọ sí mi lọ́kàn pé bí mo bá kọ èyí, mi ò jẹ Àdìgún ní nǹkan kan mọ́, kò sì ní í sí nǹkan kan tó kù láàárín àwa méjèèjì. Mo nu ọkọ́ mi, mo gbé e kọ́ èjìká.

Misturat wo ilẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ó ku ẹyọ kan."

Mo ní mo mọ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Ládòkun